Orin Ẹ̀bẹ̀ Tí Ìjàpá Kọ́ Àwọn Alágbára

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi ta pọ́ún, ó já ṣọ̀ọ̀. Kò já sórí àpáta, kò já sínú odò. Orí Ọ̀yà ló já lé, Ọ̀yà ọkọ Àwẹ̀ró, àti orí Ìjàpá ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́. Ẹ sún mọ́ mi. Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn, ṣé ẹ ń gbọ́? Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ní ìgbà kan, ìyàn mú ní ìlú àwọn ẹranko. Nígbà tí òjò padà dé, Erin tí í ṣe ọba wọn ní kí gbogbo ìlú pawọ́ pọ̀ dá oko àgbàdo kan. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án títí di ọjọ́ ìkórè. Ẹni tó bá jí i yóò jìyà.

Wọ́n ní, "Ìyà wo, Kábíyèsí?"

Erin wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò mọ̀. Ni Ìjàpá bá na ọrùn síta.

"Kábíyèsí, ẹ fi ìyà náà sílẹ̀ fún èmi. N kò ní wojú ẹnikẹ́ni. N kò ní wo ẹni ńlá, n kò ní wo ẹni kékeré. Ohùn olè nìkan ni n óò máa gbọ́. Ẹni tó bá kábàámọ̀, ohùn rẹ̀ yóò sọ. Ẹni tí kò bá kábàámọ̀, ohùn rẹ̀ náà yóò sọ."

Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Ti Ọ̀yà ló dún jù. Ẹni kékeré ni, ó sì rò pé ìdájọ́ tí kì í wojú ló dára fún irú òun.

Àṣé Ìjàpá ti ní tirẹ̀ nínú. Ó ń ti ilé alágbára kan bọ́ sí ilé alágbára mìíràn. Ó dé ọ̀dọ̀ Ẹfọ̀n oníwo gbọọrọ, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí ẹsẹ̀ yín bá ṣèèṣì yà sínú oko, orin tí ẹ óò kọ nìyí. Bí ẹ bá ti kọ ọ́, ẹ ti bọ́. Àmọ́ o, ohun tí ẹ bá kó, ẹ gbé ìdajì rẹ̀ wá sí ẹ̀yìnkùlé mi." Báyìí ló kọ́ wọn ní lílé, tó kọ́ wọn ní ègbè. Kò dé ilé Ọ̀yà. Kí ni yóò rí gbà níbẹ̀?

Kò pẹ́, ebi fòòró Ọ̀yà. Ó yọ́ wọ oko, ó ya àgbàdo kan. Ẹ má jẹ́ ká gbè é o, ó jí i. Ibi tó ti ń jẹ ẹ́ lọ́wọ́ ló ti gbọ́ gbìì, gbìì. Ẹfọ̀n ni! Ó ń jẹ odidi poro láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn olùṣọ́ tí ọba fi sí oko mú àwọn méjèèjì pọ̀.

Ní àgbàlá ọba, Ẹfọ̀n kúnlẹ̀, ó gbé orin. Ẹ bá mi gbè é, "Ṣàánú o, ṣàánú" ni ègbè rẹ̀:

Ìjàpá onídàájọ́, mo ti jẹ̀bi o,
*Ṣàánú o, ṣàánú.*
Ebi ló tì mí wọnú oko,
*Ṣàánú o, ṣàánú.*
Ọkàn mi gbọgbẹ́, ojú mi ń domi,
*Ṣàánú o, ṣàánú.*
N kò tún jẹ́ dé'bẹ̀ mọ́ láé,
*Ṣàánú o, ṣàánú.*

Ìjàpá nu ojú. "Ẹ ò gbọ́ bí ohùn ṣe ń gbọ̀n? Ẹ̀gbọ́n ti kábàámọ̀. Ẹ máa lọ sílé, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́." Ó yíjú sí Ọ̀yà. "Ìwọ ńkọ́?"

Ọ̀yà kò mọ orin kankan. Ó ní, "Mo jẹ̀bi, ẹ̀yin àgbà. Ebi ló pa mí." Ẹ̀rù ń bà á, ohùn rẹ̀ ń dún fíì, fíì, bí fèrè tó sán.

"Ẹ gbọ́ o! Ó ń súfèé lójú ọba! Ẹ dà á dọ̀bálẹ̀!"

Pàṣán dún títí ẹ̀yìn Ọ̀yà fi bó.

Nígbà tó délé, Àwẹ̀ró ń fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ jó ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ní, "Baálé mi, kí lẹ ṣe tí Ẹfọ̀n kò ṣe?"

"Ohun tí èmi náà ń bi ara mi nìyẹn."

Ọ̀yà jáde lọ béèrè. Ẹfọ̀n ní òun kàn sọ tinú òun ni. Àgbọ̀nrín ní eyín Ọ̀yà ló yọ síta jù, ó jọ ẹni tó ń fi ọba rẹ́rìn-ín. Ìmàdò ní àwọn bàbá Ọ̀yà ti ń jẹ àgbàdo kí wọ́n tó bí i, ìlú kò sì gbàgbé. Èwo ni kí Ọ̀yà mú níbẹ̀? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ bo ẹnu rìn kiri. Àwọn tó rí i ní, "Ẹ wò ó, ó ń fi nǹkan pamọ́ sẹ́nu!"

Lọ́jọ́ kan, ó kọjá lẹ́bàá ilé Ẹfọ̀n, ó gbọ́ tí àwọn ọmọ Ẹfọ̀n ń fi orin náà ṣeré. Ó dúró gbọ́ ọ. Inú rẹ̀ dùn. "Àṣé ohun tí n kò mọ̀ nìyí!" Ó kọ́ ọ sórí.

Kò pẹ́ sí i, wọ́n tún bá poro tó ṣófo nínú oko. Àwọn olùṣọ́ kò wo ẹsẹ̀ ta ló wà nílẹ̀. Ilé Ọ̀yà ni wọ́n gbà lọ tààrà.

"N kò dé'bẹ̀!" ni Ọ̀yà ń ké.

"Ilé ló wà, ọ̀dọ̀ mi ló wà!" ni Àwẹ̀ró ń ké. Ta ló gbọ́ wọn?

Níwájú Ìjàpá, Ọ̀yà rántí orin. Ó kúnlẹ̀ bí Ẹfọ̀n ṣe kúnlẹ̀, ó gbé e bí Ẹfọ̀n ṣe gbé e:

Ìjàpá onídàájọ́, mo ti jẹ̀bi o,
*Ṣàánú o, ṣàánú.*

Ìjàpá ta gìrì. "Dákẹ́! Àkọ́sórí ni! Ẹni tó ti to ẹ̀bẹ̀ sílẹ̀ ti to olè sílẹ̀. Ó sì tún ti fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́. Ẹ gé ìrù rẹ̀, kí ẹ kan ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀!"

Wọ́n gé e. Ọ̀yà jókòó sínú ìdè, ó ń wo ìrù rẹ̀ nílẹ̀. Kò tilẹ̀ sunkún. Ó ní, "N kò kọrin, wọ́n nà mí. Mo kọrin, wọ́n gé mi. Kí ni wọ́n fẹ́ kí n fi ohùn mi ṣe gan-an?"

Ṣùgbọ́n Ọ̀yà wà nínú ìdè, àgbàdo ṣì ń dín. Ọ̀rọ̀ wá rú àwọn olùṣọ́ lójú. Nígbà tí wọ́n wo ilẹ̀ dáadáa, wọ́n tẹ̀ lé èèpo àgbàdo dé ìdí ọgbà. Ta ni wọ́n bá? Ìjàpá ni! Ìdajì tí àwọn alágbára ń gbé wá kò tó o mọ́. Ó ti yó bámúbámú, ihò ọgbà tó gbà wọlé kò gbà á jáde mọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń jà lófuurufú.

Lọ́jọ́ yìí, Erin fúnra rẹ̀ ló jókòó dájọ́. Wọ́n mú Ọ̀yà náà wá kí ó wá wò ó. Ìjàpá kúnlẹ̀, ó fi ohùn tó dùn ju ti gbogbo wọn lọ gbé e:

Erin onídàájọ́, mo ti jẹ̀bi o...

Kí ó tó mí, Ẹfọ̀n ti dáhùn: *Ṣàánú o, ṣàánú.* Ìmàdò dáhùn, Àgbọ̀nrín dáhùn, gbogbo àwọn alágbára dáhùn pọ̀. Ó ti mọ́ wọn lẹ́nu! Wọn kò mọ̀ pé àwọn ti gbè é àfi ìgbà tí gbogbo àgbàlá yíjú sí wọn.

Erin ní, "Níbo lẹ ti mọ ègbè orin olè?"

Ẹfọ̀n wo ilẹ̀. Ó ní, "Kábíyèsí, Ìjàpá ló kọ́ wa."

Ọ̀rọ̀ tú. Erin ní ohùn tí Ìjàpá fi ń pín ìyà ni ìlú yóò gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n gbà á. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí ẹ bá gbé Ìjàpá lónìí, kì í ké, kì í bẹ̀bẹ̀, ńṣe ló ń fa orí rẹ̀ wọlé.

Erin wá yíjú sí Ẹfọ̀n. Ó wo ìwo rẹ̀. Ó wò ó pẹ́.

Ó ní, "Ẹfọ̀n, má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́."

Wọ́n tú Ọ̀yà sílẹ̀. Ó ní, "Kábíyèsí, ìrù mi ńkọ́?"

Erin wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò mọ̀. Àwọn ará ìlú ń dìde lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀yà padà síbi tí wọ́n ti dè é, ó ṣa ìrù rẹ̀ nílẹ̀, ó mú un lọ sílé. Wọ́n fi ewé àti okùn dì í mọ́ ọn, ó lẹ̀ díẹ̀, kò lẹ̀ tán. Títí dòní, bí ẹ bá di ìrù ọ̀yà mú, yóò já sí yín lọ́wọ́. Lọ́jọ́ náà gan-an ló kó Àwẹ̀ró kúrò nílùú, wọ́n wọnú koríko tó ga.

Àwẹ̀ró ní, "Wọ́n ní ẹ jàre, àbí?"

Ọ̀yà ní, "Wọ́n ní kí n máa lọ."

Ibi tí àlọ́ mi gúnlẹ̀ sí nìyí. Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí ohùn mi bá ti Ìjàpá lọ. Bí n kò bá sì purọ́, kí ẹ̀yin tí ẹ gbè é fún mi dìde lọ sùn ní àlàáfíà.