Ọjọ́ Tí Ọ̀bọ Nìkan Lọ Fi Ìwọ̀ Pẹja

Àlọ́ o!

Àlọ̀ọ́!

Ẹ ò tíì jẹun ni? Mo ní, àlọ́ o!

Àlọ̀ọ́ọ́!

Ẹ̀n-ẹ́n. Àlọ́ mi ò yà sọ́jà, kò yà sóko. Etí odò ló gbà lọ, ó sì bá Ọ̀bọ níbi tó jókòó sí, tòun tọ̀pá ìwọ̀ lọ́wọ́. Tìmílẹ́yìn, gbé ẹsẹ̀ ẹ kúrò lórí ẹní mi kí n tó máa bọ́rọ̀ lọ.

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí àwọn ẹranko ń gbé pọ̀ lábúlé kan, ẹja kan wà nínú ibú odò wọn. Ìyá Àrọ̀ ni wọ́n ń pè é. Háà, ẹja! Orí rẹ̀ fẹ̀ bí àtẹ. Ara rẹ̀ ń dán. Ó ní irùngbọ̀n gígùn tó fi ń tọ́ nǹkan wò kó tó fẹnu kàn án. Àwọn bàbá àwọn ẹranko yìí ti ju ìwọ̀ sí i títí, wọ́n ti kú lọ, òun ṣì ń ṣe fàájì nísàlẹ̀ omi. Kí n má purọ́ fún yín, nínú gbogbo àwọn tó wà nínú àlọ́ yìí, òun ni mo fẹ́ràn jù.

Òfin kan sì wà létí odò náà. Ẹnikẹ́ni tó bá wà ní bèbè nígbà tí ẹja jáde lómi, ó ti ní ìpín níbẹ̀. Kódà kó jẹ́ pé ẹ kàn ń kọjá lọ ni, bí ojú yín bá ti rí i, wọ́n á gé tiyín fún yín. Kò sẹ́ni tó ń jiyàn sí i.

Ọ̀bọ fẹ́ fi Àwẹ̀ró, ọmọ Ìnàkí, ṣaya. Ìfẹ́ ọmọ náà ti kó sí i lórí. Ìnàkí pè é, ó ní, "Ṣé lóòótọ́ lo fẹ́ ọmọ mi?"

Ọ̀bọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

"Ó dáa. Gbé Ìyá Àrọ̀ wá fún mi lọ́la kí oòrùn tó wọ̀. Bí mi ò bá rí i, má tún dé ẹnu ọ̀nà mi mọ́."

Ọ̀bọ délé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ronú. "Orí ẹja yẹn nìkan á tó gbogbo ilé àna mi jẹ yó. Màá yan ìyókù, màá kó o sórí àjà, èmi nìkan ni màá máa jẹ ẹ́ títí òjò á fi dé. Ṣùgbọ́n àwọn alájẹkì aládùúgbò mi yìí ńkọ́?"

Kílẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ó ti ń kan ilẹ̀kùn kiri. "Ìgalà! Ehoro! Ọ̀yà! Ẹ ṣì ń sùn? Agbálùmọ̀ ti pọ́n lẹ́yìn òkè, ó ń já lulẹ̀ bí òjò!"

Ehoro nu ojú. "Ìwọ kò níí lọ ni?"

"Inú ló ń run mí, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ṣáà bá mi mú díẹ̀ bọ̀."

Ni wọ́n bá gbé apẹ̀rẹ̀, tọmọdé tàgbà, wọ́n kọrí sí òkè. Abúlé dá páropáro. Ọ̀bọ fò sókè, ó jó, ó gbé ọ̀pá ìwọ̀ rẹ̀, ó di ọ̀nà odò.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o! Ọ̀bọ mọ iṣẹ́ ìwọ̀. Bó ṣe ń fi ekòló bo ẹnu ìwọ̀, ẹ ò ní mọ̀ pé irin wà nínú ẹ̀. Bó ṣe ń jù ú, omi kì í ta. Mo gbóṣùbà fún un níbẹ̀. Àmọ́ Ìyá Àrọ̀ náà mọ tiẹ̀.

Ó jù ú lẹ́ẹ̀kíní, okùn mì, ó fà á. Wọ́n ti jẹ ekòló, ìwọ̀ ń dán gbinrin. Ó fi òmíràn, wọ́n tún jẹ ẹ́. Ó fi èkùrọ́, wọ́n jẹ ẹ́. Ó fi ẹ̀kọ, wọ́n jẹ ẹ́, omi tiẹ̀ gbé ewé rẹ̀ léfòó wá bá a lẹ́sẹ̀. Ó fà á tagbáratagbára, ìwọ̀ fò lọ há sórí igi lẹ́yìn rẹ̀. Ó gùn ún lọ tú u. Ó tún jù ú, alákàn ló gbé jáde, alákàn sì já a ní ìka. "Yéè!" Oòrùn kàn án láàtàrí. Ìyá Àrọ̀ yọ irùngbọ̀n síta, ó rọra wò ó, ó padà wọlé. Ẹja gidi!

"Ṣé èmi lò ń fi ṣe yẹ̀yẹ́?" Omi lé ròrò sójú Ọ̀bọ. Àwẹ̀ró ló ń rò.

Oòrùn ti ń rẹlẹ̀ nígbà tí okùn sún kì. Ìwọ̀ há Ìyá Àrọ̀ lẹ́tè! Ọ̀pá tẹ̀ kọdọrọ. Ọ̀bọ fà, Àrọ̀ fà. Ọ̀bọ ki ẹsẹ̀ bọ ẹrẹ̀, ó fi ìrù dì mọ́ gbòǹgbò. Ìbá ṣe pé ẹnì kan bá a di ìbàdí mú, tí ẹlòmíràn sì fi apẹ̀rẹ̀ gbé ẹja lábẹ́, ó parí. Ó la ẹnu láti ké, ó tún pa á dé. "Bí wọ́n bá wá, wọ́n á jẹ níbẹ̀."

Àrọ̀ tún fà. Omi dé orúnkún Ọ̀bọ. Ó dé ìbàdí. Ó dé àyà. Ìgbà yẹn ni Ọ̀bọ wá figbe ta. Ẹ gbè é o, kò sẹ́ni tó gbè é lọ́jọ́ náà:

Àrọ̀ mà ti há o!
*Fà á!*
Ará ilé, ẹ wá o!
*Fà á!*
Ẹ wá gé tiyín níbẹ̀!
*Fà á!*
Apá mi ò ká a mọ́ o!
*Fà á!*

Ta ni ì bá gbọ́? Ṣebí ẹ̀yìn òkè ló rán wọn lọ. Pàù! Ọ̀pá dá sí méjì. Ìyá Àrọ̀ gbọn orí, ìwọ̀ bọ́, ó fi ìrù gbá omi sí Ọ̀bọ lójú, ó sì lọ sílé rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ọ̀bọ dé ọ̀dọ̀ Ìnàkí, ara rẹ̀ tutù, ó ń gbọ̀n. "Bàbá, ó há, ṣùgbọ́n n kò rẹ́ni bá mi fà á."

"Àwọn aládùúgbò rẹ ńkọ́?"

Kó tó dáhùn ni Ehoro àti àwọn tó kù já wọlé, òfìfo apẹ̀rẹ̀ lórí wọn, eruku lára wọn. "Ọ̀bọ! Agbálùmọ̀ dà? Àwọn ọmọ wa ò tíì jẹun látàárọ̀!"

Ìnàkí mi orí. "Kò sẹ́ni tó lè dá ẹja yẹn fà. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó rán ọ. Mo fẹ́ rí àwọn tí wàá pè ni."

Àwẹ̀ró jáde síta. Ó ti sunkún, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní, "Ọ̀bọ, ká ní èmi ni mo ń kọjá lọ ní bèbè, ṣé wàá gé tèmi fún mi?"

Ọ̀bọ la ẹnu. Ó ronú díẹ̀ kó tó fèsì. Ìrònú díẹ̀ yẹn ni Àwẹ̀ró rí. Ó yíjú padà, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Ìdí àlọ́ mi rèé o, ẹ̀yin ọmọ mi: kó kọ́ wa ká má ṣe torí oúnjẹ lé àwọn èèyàn wa jìnnà, nítorí ọjọ́ ń bọ̀ tá a máa ké pè wọ́n. Àti ẹ̀yin ọmọbìnrin, bí ẹ bá bi ọkùnrin ní irú ìbéèrè yẹn, tó bá kọ́kọ́ ń ronú, ẹ máa lọ sílé.