Ó Há A Sórí, Ó Há Nọ́ńbà Mọ́ Ọn

Bí o bá dé yunifásítì tó wà lórí òkè Agbédè, tí ẹnì kan sọ nípa rẹ pé, "Ó há a sórí, ó há nọ́ńbà mọ́ ọn," má dúpẹ́ o. Àlejò a máa rò pé ìyìn ni, á sì máa rẹ́rìn-ín músẹ́. Ta ló há kí ni sórí, nọ́ńbà wo ló sì há mọ́ ọn? Ọ̀rọ̀ Adélàjà ni, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ bó ṣe jẹ́.

Ẹ̀kọ́ nípa ẹranko ni yunifásítì fún Adélàjà, kọ̀ǹpútà ló wù ú. Inú rẹ̀ máa ń bàjẹ́ bó bá rántí pé ọ̀pọ̀lọ́ ni òun yóò máa là fún ọdún mẹ́rin. Ọ̀nà àbáyọ kan ṣoṣo ló wà: ẹni tó bá ṣe dáadáa nínú ẹ̀kọ́ ìbẹ̀rẹ̀ nípa kíkọ ètò kọ̀ǹpútà lè bọ́ sí ẹ̀ka kọ̀ǹpútà lọ́dún kejì. Ẹni tó bá fìdí rẹmi, kó padà sídìí ọ̀pọ̀lọ́ rẹ̀, kò sí ẹ̀ẹ̀kejì. Bàbá rẹ̀ nílé kò tilẹ̀ dúró de èsì. Ó ti sọ fún gbogbo ìjọ pé ọmọ òun ti di ọmọ kọ̀ǹpútà, wọ́n sì ti ń kí i ní Bàbá Ẹnjiníà.

Nígbà náà, kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́ náà kò ju mẹ́rìnlá lọ, aṣọ ni wọ́n sì fi ń bò wọ́n nínú yàrá tó ní kọ́kọ́rọ́ méjì. Ara pátákó ni Ọ̀gbẹ́ni Àlàmú, olùkọ́ wọn, ti ń kọ́ wọn ní kọ̀ǹpútà. Bíírò àti pépà ni wọ́n fi ń ṣe ìdánwò rẹ̀. Ó wá tẹ ìwé pélébé kan tó ní ojú ewé ogójì, ó to ètò oríṣiríṣi sínú rẹ̀, ó sì fi nọ́ńbà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan lápá òsì, kó lè rọrùn fún un láti sọ ní kíláàsì pé, "Ẹ wo ìlà keje." Inú ìwé yìí náà ni ìbéèrè ìdánwò ti máa ń jáde.

Orí Adélàjà pé, ká má purọ́ mọ́ ọn. Ó há ìwé náà sórí láti páálí dé páálí, ó ń kà á bí ẹni ń ka Àdúrà Olúwa. Nígbà ìdánwò àkọ́kọ́, ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ láìku ẹyọ kan, Ọ̀gbẹ́ni Àlàmú sì fún un ní máàkì méjìdínlọ́gbọ̀n nínú ọgbọ̀n. Láti ọjọ́ náà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ti kanlẹ̀ mọ́. Ó sọ ara rẹ̀ ní Àgbà Kódù, ó wá ń kọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lábẹ́ igi fúrúùtù.

Ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn tó ń jẹ́ Wúràọlá, ìbéèrè rẹ̀ kì í tán.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ni ìlà yìí ń ṣe gan-an? Tá a bá yọ ọ́ ńkọ́?"

"Ìwọ ọmọ yìí," Adélàjà á ní, "ṣé ọ̀daràn ni ìwé ni, tó o fi ń wádìí ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹ̀? Há a sórí, kó o sinmi."

Wúràọlá kò sinmi. Ó bẹ ẹni tó ń tọ́jú yàrá kọ̀ǹpútà títí ìyẹn fi ń jẹ́ kó wọlé lọ́sàn-án Jímọ̀. Ó kọ ètò ìlà mẹ́rin péré, kọ̀ǹpútà kọ̀ ọ́ nígbà mọ́kànlá. Nígbà tó rò fún wọn, Adélàjà rẹ́rìn-ín títí ó fi fẹ̀yìn ti igi.

"Ìgbà mọ́kànlá! Èmi rèé, kọ̀ǹpútà ò kọ iṣẹ́ mi rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi."

Òótọ́ ló sọ. Kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí.

Nígbà tí sáà kejì wọlé, Ọ̀gbẹ́ni Àlàmú fẹ̀yìn tì, Dókítà Fáfọwọ́rá sì gba ipò rẹ̀. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni. Ó ní orí kọ̀ǹpútà ni ìdánwò àṣekágbá yóò ti wáyé, ó ká aṣọ kúrò lórí wọn, ó sì ṣí yàrá sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n lè fi dánra wò. Adélàjà kò yọjú síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó ní àwọn tí kò mọ̀ ọ́n ló ń dánra wò.

Ọjọ́ pé. Wọ́n ní kí wọ́n kọ ètò tí yóò gba máàkì akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún, tí yóò sì sọ ìpíndọ́gba wọn. Inú Adélàjà dùn: ojú ewé kẹtàlélógún ni. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá ló wà nínú ti ìwé, àmọ́ ìyẹn kò kàn án. Ó ń fi ìka kan wá lẹ́tà kiri títí ó fi tẹ̀ ẹ́ tán, ó fẹ̀yìn ti àga, ó ní kí kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́. Kọ̀ǹpútà ní àṣìṣe wà ní ìlà kìn-ín-ní.

"Mà, kọ̀ǹpútà yìí ti bàjẹ́."

Dókítà mú un lọ sídìí òmíràn. Ó tún tẹ gbogbo rẹ̀, ìdáhùn kan náà ló gbà.

"Eléyìí náà ti bàjẹ́, mà."

Dókítà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ojú kọ̀ǹpútà. "Adélàjà, kí ni ení, èjì, ẹ̀ta tó wà níwájú àwọn ìlà yìí?"

"Bó ṣe wà nínú ìwé nìyẹn, mà."

"Nísàlẹ̀ yìí ńkọ́? 'Ẹ ṣí ojú ewé tó kàn'?"

"Ó wà nínú ìwé náà, mà."

Ẹ̀rín ti ń pa àwọn kan, àmọ́ Dókítà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Yọ nọ́ńbà yẹn kúrò. Àsìkò ṣì wà."

Adélàjà yọ nọ́ńbà. Ó yọ ti apá òsì, ó yọ mẹ́wàá tí ètò fi ń ka akẹ́kọ̀ọ́, ó yọ òdo tí ìṣirò ti máa bẹ̀rẹ̀. Kò ṣẹ́ ẹyọ nọ́ńbà kan kù, nítorí kò mọ èyí tó jẹ́ ti ìwé yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ ti iṣẹ́. Àṣìṣe tó jẹ́ ẹyọ kan di mẹ́fà. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kọ̀ǹpútà kọ ti Wúràọlá nígbà mẹ́ta. Ọmọ náà rọra ka ohun tó sọ, ó tún un ṣe, nígbà kẹrin kọ̀ǹpútà gbà á.

Èsì jáde, Adélàjà fìdí rẹmi, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ọ̀gá ẹ̀ka kọ̀ǹpútà.

"Ẹ ṣàánú mi, sà. Bàbá mi ti sọ fún gbogbo ìjọ. Mo mọ ìwé yìí, ẹ bi mí níbi tó bá wù yín."

Ọ̀gá ṣí ojú ewé kẹtàlélógún. Adélàjà kà á lórí láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò kọsẹ̀. Ẹnu ya ọ̀gá, ó ránṣẹ́ pe Dókítà.

"Dókítà, ọmọ yìí mọ̀wé! Kí ló dé tẹ́ ẹ fi jẹ́ kó fìdí rẹmi?"

"Sà," Dókítà ní, "ó há a sórí, ó há nọ́ńbà mọ́ ọn."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀. Akọ̀wé tó wà lẹ́nu ọ̀nà gbọ́, kó tó dìrọ̀lẹ́ ó ti kárí ilé gbígbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Adélàjà padà sídìí ọ̀pọ̀lọ́. Ojú tì í débi pé oṣù méjì kọjá kó tó lè sọ fún bàbá rẹ̀.

Ìyẹn ni wọ́n ń wí nípa ẹni tó kó ìmọ̀ rù tí kò mọ ohun tó rù. Àmọ́ kò tọ́ kí Adélàjà nìkan gba gbogbo ẹ̀gàn náà. Nọ́ńbà wọ̀nyẹn wà nínú pépà ìdánwò àkọ́kọ́ rẹ̀, ẹnì kan sì fi bíírò pupa máàkì wọn pé wọ́n tọ̀nà. Nítorí náà, bí ará òkè Agbédè bá ń pa òwe yìí, á kọ́kọ́ wo akẹ́kọ̀ọ́, á sì wá yíjú wo olùkọ́: "Ó há a sórí, ó há nọ́ńbà mọ́ ọn."