Ẹ̀sùn Epo tí Wọ́n Fi Kan Ìgbín

"Ààlọ́ o!"
"Ààlọ̀!"

Àlọ́ mi yọ̀ bọ̀rọ́, ó bọ́ sórí Ìgbín oníjàkadì. Ìgbín dá Ọ̀bọ, ni Ọ̀bọ bá figbe ta: "Epo ló fi para!" Ẹfọ̀n onídàájọ́ ní Ìgbín ò gbọdọ̀ jà mọ́ títí di ọdún tó ń bọ̀. Ìgbín sunkún, wọn ò gbọ́. Ó bínú, wọ́n fi í rẹ́rìn-ín. Ló bá kọrin. Ẹ bá mi gbè é, ẹ̀yin ọmọ:

"Baba, ẹ nù mí wò o."
"Tẹ̀ǹtẹ́rẹ́!"
"Ara mi ni, kì í ṣepo."
"Tẹ̀ǹtẹ́rẹ́!"

Ẹfọ̀n nù ún lẹ́ẹ̀mẹta, ara Ìgbín ṣì ń yọ̀. Ojú ti Ẹfọ̀n.
"Ìgbín, padà sójú agbo. Ọ̀bọ, lọ fi iyẹ̀pẹ̀ pa ọwọ́!"

Ọmọ mi, kí ẹ tó lé ẹnìkan kúrò nídìí eré, ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án.