Igi Oyin Mẹ́rìnlá

Ẹ̀yin ará ilé àti ẹ̀yin àlejò, ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ kú ìfarabalẹ̀. Èmi ni Jóòbù Ọdẹ́rìndé, ọdẹ Àgọ́-Ìrókò. Ogún ọdún ni mo fi kọ́ àwọn àgbà ìjọ wa ní òfin kẹwàá, mo sì máa ń sọ fún wọn pé ojúkòkòrò kò mọ ọ̀nà ilé mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ikọ́ ń yọ Dọ̀káàsì aya mi lẹ́nu, àyà rẹ̀ ń dún bí ẹ̀rọ ìlọta. Ó ní, “Bàbá Èlíṣà, kèrègbè oyin kan ṣoṣo ti tó mi.”

Mo rìn títí mo fi kọjá odò kẹta, ni mo bá bá igi mẹ́rìnlá tí oyin ń kán lára wọn bí òrùlé tó ń jò. Àwọn kòkòrò oyin kí mi kú àárọ̀. Ìgalà kan jókòó, ó ń fi ṣíbí lá tirẹ̀.

Ìgalà náà ní, “Bàbá ọdẹ, ẹ bu tiyín kí ẹ máa lọ, aláìsàn ń dúró.”

Ṣùgbọ́n láàárín àwa ọdẹ, ẹni tó bá kọ́kọ́ so àmì mọ́ igi oyin ló ni ín, ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Mo ní, bí ọdẹ mìíràn bá dé ńkọ́? Mo so màrìwò mọ́ igi mẹ́wàá. Màrìwò tán. Mo so fìlà mọ́ ìkọkànlá, ẹ̀wù mọ́ ìkejìlá, ṣòkòtò mọ́ ìkẹtàlá.

“Ó ku ẹyọ kan,” ni ìgalà wí, kò tilẹ̀ gbójú sókè. “Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.”

“Ta ló bi ọ́?” Mo so kèrègbè mi mọ́ ọn.

Ìgbà tí mo fẹ́ bu oyin ni mo rí i pé kò sí ohun tí n ó fi bù ú. Mo na ọwọ́ sí kèrègbè, ni àwọn oyin bá dìde.

“Má fọwọ́ kàn án! Igi yìí ní ẹni tó ni ín.”

“Èmi ni mo ni ín!”

“Ẹni tó ni ín dé fìlà, ó wọ ṣòkòtò. Ìwọ oníhòòhò yìí, ta ni ọ́?” Wọ́n ta mí ní ìbàdí, wọ́n lé mi dé odò.

Mo fi ewé kókò bo iwájú àti ẹ̀yìn, mo gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì wọlé. Àwọn akọrin tó ń dán orin wò dákẹ́ lójijì.

Dọ̀káàsì wúkọ́ títí. “Oyin ńkọ́?”

“Mo ti ní igi mẹ́rìnlá.”

“Mo ní oyin ńkọ́?”

Ẹ̀yin ènìyàn mi, kì í ṣe torí pé oyin ṣọ̀wọ́n ni Jésù ṣe kìlọ̀ ojúkòkòrò fún wa. Èmi tí mo fẹ́ gbogbo rẹ̀ ni n kò rí ṣíbí kan gbé fún aya mi. Láńlẹ́yìn aládùúgbò wa ló fún un ní oyin ife kan, kò bèèrè ohunkóhun, ara rẹ̀ sì ti ń yá. Láti ìgbà náà, láràárọ̀, kí Láńlẹ́yìn tó jí, èmi ni mo ń ro oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ fún un. Ó dàbọ̀ o. Poro mẹ́ta ló kù.