Akínmóyè àti Kànga Aláró

Nígbà tí Arógunyọ̀ kó ogun rẹ̀ dé ẹsẹ̀ Òkè-Àpáró, kò ta ọfà kan sókè. Ìdí ìsun omi kan ṣoṣo tí ìlú ń mu ló lọ pàgọ́ sí, ó ní kí wọ́n gún iyán fún òun, ó sì jókòó. Ó mọ̀ pé odi ìlú náà ga, àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ sì mọ ọfà í ta, ṣùgbọ́n ta ni yóò ta òùngbẹ lọ́fà? Àárín ẹ̀ẹ̀rùn ni. Àmù ń gbẹ láti ilé dé ilé, ewúrẹ́ ń ké, ọmọ ọwọ́ ń fa ọmú tó ti gbẹ. Gbogbo ìlú ló mọ̀ pé bí omi kò bá sí, bodè yóò ṣí fúnra rẹ̀.

Kí n má parọ́, kì í ṣe Arógunyọ̀ nìkan ni ọ̀tá ìlú náà. Wọ́n ní àṣà kan nínú ìgbìmọ̀ wọn: ẹni tó dàgbà jù ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Bí Baálẹ̀ bá ti sọ tirẹ̀, ẹni tó tẹ̀lé e á ní, "Bí Bàbá ṣe wí ni," ẹni tó tẹ̀lé ìyẹn náà á tún un sọ, títí tí yóò fi kan ẹni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n mọ òwe pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilẹ̀ Ifẹ̀. Wọn a máa pa á dáadáa. Àgbà náà ló sì ń pa á. Baálẹ̀ Ládokùn, arúgbó tó ti rí ogun nígbà èwe rẹ̀, ní kí wọ́n já lu ọ̀tá nídìí ìsun bí àwọn baba wọn ti ṣe. Wọ́n lọ, wọ́n fi òkú sílẹ̀, wọ́n sá padà. Ó tún ní kí wọ́n lọ. Ìgbà yẹn ni Akíndípẹ̀, ẹ̀gbọ́n Akínmóyè, ṣubú, wọn kò sì rí òkú rẹ̀ gbé wálé.

Akínmóyè yìí ni Balógun. Akínmóyè Atúdìí-ọ̀rọ̀, a-rí-kókó-má-fi-ọ̀bẹ-gé-e, a-fi-sùúrù-tú-u. Ọkùnrin gíga tí ohùn rẹ̀ kì í ròkè. Nígbà tí Baálẹ̀ ní kí wọ́n lọ lẹ́ẹ̀kẹta, kí àwọn ọmọ tí irùngbọ̀n kò tíì hù lẹ́nu wọn náà mú àdá, gbogbo ìgbìmọ̀ ní bí Bàbá ṣe wí ni. Ó kan Akínmóyè. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Bàbá, ẹ má bínú. Bí ẹ bá ní kí n lọ kú, mo gbà. Ẹ̀gbọ́n mi ti gbà ṣáájú mi. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí a ti ń jókòó níbí, ogun là ń sọ, a kò tíì sọ̀rọ̀ omi. Ẹ fún mi ní ọ̀la nìkan. Ẹ jẹ́ kí àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kí ẹ̀yin gbọ́ tiwọn tán kí ẹ tó la ẹnu. Bí a kò bá rí omi, èmi ni n ó kọ́kọ́ jáde ní bodè lọ́túnla, n kò sì ní mú apata dání."

Àwọn ìjòyè ń retí kí Baálẹ̀ gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀. Arúgbó náà wò ó títí, ó ní, "Ọ̀la nìkan."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Akínmóyè jókòó lábẹ́ igi ọdán ojú ọjà. Kò bi gbogbo ènìyàn ní ohun kan náà. Ó ní ẹni tó ń gbálẹ̀ lè má mọ ogun, ṣùgbọ́n ó mọ ilẹ̀. Nítorí náà, ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń fojoojúmọ́ rí ló ń bi í. Ó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ìyàwó tuntun, ó ní kí wọ́n sọ ohun tó ń yọ wọ́n lẹ́nu nílé. Wọ́n ń wo ojú ara wọn. Ó pẹ́ kí Àwẹ̀ró, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọ Agbo-ilé Odò, tó kúnlẹ̀.

"Ilẹ̀ yàrá mi máa ń rin, àní nínú ẹ̀ẹ̀rùn yìí. Ẹní mi ti rà lábẹ́."

Ọkọ rẹ̀ bojú. Akínmóyè bi í pé kí ló dé tí kò fi sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní ìyàwó kì í bú ilé ọkọ.

Ó yí sí àwọn ọdẹ, ó bi wọ́n pé ibo ni oyin ń bà nírọ̀lẹ́, nítorí oyin kì í jìnnà sí omi. Wọ́n ní ẹ̀yìn Agbo-ilé Odò kan náà ni, níbi tí àpáta ti sán. Ó bi àwọn alágbẹ̀dẹ bóyá ọkọ́ lè fọ́ àpáta náà. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní iná ló ń fọ́ àpáta: kí a dáná sí i títí yóò fi gbóná janjan, kí a wá da omi tútù lé e. Gbogbo ọjà bú sẹ́rìn-ín ìbànújẹ́, nítorí omi náà là ń wá. Àwọn aláró ló dá ẹ̀rín náà dúró. Wọ́n ní ìkòkò aró àwọn kún dẹ́nu, ẹnikẹ́ni kò sì lè mu ún. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn láti ìgbà òjò ni, ṣùgbọ́n kí wọ́n wá gbé e.

Baálẹ̀ ló kù. Omi ti lé sí i lójú kó tó la ẹnu.

"Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo bi ìyá ìyá mi pé kí ló dé tí a fi ń pe ibẹ̀ ní Agbo-ilé Odò nígbà tí kò sí odò níbẹ̀. Wọ́n ní omi wà níbẹ̀ rí, àpáta ló ya bò ó. Mo ti gbàgbé. Bí ó bá jẹ́ pé èmi ni mo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lónìí, ogun náà ni ǹ bá tún sọ."

Wọ́n wó yàrá Àwẹ̀ró, wọ́n to igi lé àpáta tó wà nídìí rẹ̀, wọ́n sì koná. Nígbà tí wọ́n da aró lé e, àpáta náà dún bí ìbọn, ó sì là. Omi kọ́kọ́ sun wá ní àwọ̀ aró, lẹ́yìn náà ó mọ́. Akínmóyè, tí kò sunkún nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú, jókòó sílẹ̀ nínú ẹrọ̀fọ̀, ó sunkún bí ọmọdé.

Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jáde lọ jà. Ó ní kí àwọn obìnrin fọ aṣọ wọn, kí wọ́n má fún omi inú rẹ̀ kúrò, kí wọ́n sá a sórí odi. Aṣọ ń ro tótótó lójú Arógunyọ̀, ẹni tí iṣu rẹ̀ ti ń tán lọ nísàlẹ̀. Kò pẹ́ tó fi ká àgọ́ rẹ̀, tó sì bá tirẹ̀ lọ.

Àpáta Kànga Aláró ṣì ní àwọ̀ aró lára títí di òní. Nínú ìgbìmọ̀ ìlú náà, ẹni tó kéré jù ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, Baálẹ̀ ló ń kẹ́yìn. Nílé ìwé ibẹ̀, olùkọ́ kì í dáhùn ìṣirò tó ta kókó kí ọmọ tó jókòó lẹ́yìn pátápátá tó gbìyànjú rẹ̀. Nílé ìwòsàn, wọn kì í tún ohunkóhun tò láìbi ẹni tó ń nulẹ̀. Bí wọ́n bá sì gbé ìyàwó tuntun wọlé, baba ọkọ rẹ̀ ni yóò mú un lọ sídìí kànga, tí yóò bi í pé, "Kí ni kò dára nílé wa?" Ìyàwó tó bá ní kò sí, wọn kì í fún un lómi mu títí yóò fi rí nǹkan sọ.