Ilẹ̀kùn Ẹlẹ́sẹ̀ Méjì Inú Igbó Dúdú

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Kí ẹni tó ń jẹ ẹ̀pà rọra máa jẹ ẹ́, kí ariwo èèpo má bo ohùn mi mọ́lẹ̀. Èmi ni Ọdẹ́gbàmí, ọmọ Ọdẹ́lànà, ọmọ a-rìn-nígbó-kí-ewé-má-mọ̀, ọmọ a-gun-ẹfọ̀n-bí-ẹni-gun-ẹṣin. Baba mi pa ẹkùn, baba baba mi pa erin, ṣùgbọ́n igbó tí mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ yìí, kò sí èyí tó wọ̀ ọ́ rí nínú wọn, nítorí inú kọ̀ǹpútà ni ó wà.

Ní ọdún tí mo já bọ́ láti orí igi, tí orúnkún mi kọ̀ tí kò gbé mi dé igbó mọ́, ọmọbìnrin mi Ọdẹ́bùnmi ti ibi iṣẹ́ rẹ̀ dé, ojú rẹ̀ fà ro. Géèmù kan ni ó dá nìkan fi ọdún mẹ́ta ṣe, tí ó pè ní Igbó Dúdú. Gbogbo ẹni tí ó fún pé kí wọ́n gbá a wò ló fi èébú dá a padà, pé kò sí ẹ̀dá tó lè parí rẹ̀.

"Bàbá, tó bá di Sátidé, màá pa á rẹ́," ni ó wí.

"Pa kí ni rẹ́? Gbé e wá ná, kí ọdẹ wò ó."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wọ igbó. Ó dúdú bí inú ìkòkò, igi rẹ̀ kò ní ewé, kò sí ẹyẹ níbẹ̀, èmi fúnra mi lójú kọ̀ǹpútà kò sì ju ẹyọ àgbàdo funfun kan lọ, bọ́tìnì mẹ́ta péré sì ni ohun ìjà mi: ọ̀kan fún iwájú, ọ̀kan fún ẹ̀yìn, ọ̀kan fún fífò. Mo pàdé Àtẹ̀gùn-ajẹsẹ̀, tí í gbé ẹni mì láti àtẹ́lẹsẹ̀. Mo pàdé Òṣùpá-oníkọ́, tó jẹ́ pé bó bá wúkọ́, a fẹ́ ọdẹ dànù. Mo pàdé Olórí-mẹ́fà tí kò ní ọrùn kankan, tí àwọn orí náà ń bá ara wọn jà. Mo pàdé ẹja tí ń fò lójú ọ̀run, tó ń sunkún pé òjò ń pa òun. Bí ọ̀kan bá ti fọwọ́ kàn mí báyìí, mo kú, mo tún bá ara mi lẹ́nu ọ̀nà. Lọ́jọ́ kìíní nìkan, mo kú nígbà ọgọ́fà!

Lọ́jọ́ kejì, mo já gbogbo wọn kọjá, mo dé ọ̀dọ̀ ọba wọn, Ilẹ̀kùn-ẹlẹ́sẹ̀-méjì. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni òpin igbó wà, ṣùgbọ́n bí mo bá sún mọ́ ọn, á sá. Bí mo bá fò, á fò. Ó kọ ọ́ sójú kọ̀ǹpútà pé: "Arúgbó, lọ sílé, lọ mu ẹ̀kọ!"

Mo lọgun pé: "Ìwọ pákó lásán-làsàn! Igi tí wọ́n fi gbẹ́ ọ, baba mi ti tọ̀ sí ìdí rẹ̀ rí!"

"Bàbá, kò gbọ́ yín o," ni Ọdẹ́bùnmi wí, ó sì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti dé.

"Kó má gbọ́. Ẹnu ló ń yún mi."

Mo lé e títí di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, àtàǹpàkò mi wú. Ìgbà náà ni ó wá sí mi lọ́kàn pé kò sí ọdẹ tí í sáré lé ẹtu; ẹni tó bá dúró jẹ́ẹ́ ni ẹtu í bá. Mo ká ọwọ́ mi kúrò lórí bọ́tìnì, mo fi lé itan. Ilẹ̀kùn dúró. Ó yọjú wò mí, ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé òmíràn, bí ẹran tí òǹgbẹ ń gbẹ, títí ó fi dé iwájú mi, ó sì ṣí gbayawu. Oòrùn pupa kan yọ nínú igbó náà, àwọ̀ kan ṣoṣo tó wà nínú gbogbo rẹ̀.

Ọdẹ́bùnmi bú sẹ́kún. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ rí i."

Kò pa á rẹ́ mọ́; ó gbé e síta fún aráyé. Lónìí, àwọn tí n kò mọ̀ rí ń kú lọ rẹpẹtẹ nínú igbó ọmọ mi, wọ́n sì ń padà síbẹ̀.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ibi tí ìrìn mi dé nìyẹn. Ẹni tó bá fara balẹ̀ pa eèrà, á rí ìfun inú rẹ̀. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò ì tíì parí, kì í ṣe ohun tí kò lópin.