Kọ́bọ̀ Tí Ihò Rẹ̀ Ṣáko

Àlọ́ o!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi já wálẹ̀ wìì, ó bà lé Òkété, tí ìfẹ́ owó alábùkù ti wọ̀ lẹ́wù. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ mọ ọjà tí wọ́n ń pa tì sétí ọ̀nà oko: ẹ kì í rí ọlọ́jà rẹ̀, òkúta ìdí rẹ̀ lẹ ó kà kí ẹ tó mọ iye rẹ̀.

Òkété rí kọ́bọ̀ kan níbẹ̀, ihò àárín rẹ̀ ṣáko lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Òkúta méjì. Ó sọ agbọ̀n ẹyìn méjì kalẹ̀, ó gbé e. "Kò sí irú èyí láyé!"

Lọ́jọ́ kejì, irú rẹ̀ tún wà nínú igbó, lábẹ́ ìrókò. Òkúta kan. Ó rà á. Ni àpò èjìká tó ń kó wọn sí bá dárin:

Òkété, òkúta mélòó?
Jọ̀ndọ̀.
Kà á kóo tó mú un.
Jọ̀ndọ̀.

Ìgbín, aládùúgbò rẹ̀, to kọ́bọ̀ méjèèjì léra wọn. Ihò wọn bára mu gẹ́lẹ́. "Ẹ̀gbọ́n, àṣìṣe kì í jọra báyìí. Ẹnì kan ló ń lu ihò yìí, ẹ̀yin ló sì ń fi dẹ pańpẹ́ dè."

"Ìlara ló ń ṣe ọ́!"

Lọ́jọ́ kẹta, ẹ̀kẹta wà lẹ́nu ihò dúdú kan nínú ilẹ̀. Àpò tún dárin. Òkété wá òkúta títí, kò rí ẹyọ kan. "Ọ̀fẹ́ ni!" Ó nawọ́ mú un.

Ẹ̀yin ọmọ, ọjà tí kò ní òkúta, ẹni tó bá mú un ni owó rẹ̀.

Nígbà tí Òkété kò padà dé, Ìgbín wá a lọ; àpò nìkan ló bá lẹ́nu ihò náà. Bó ti ń padà bọ̀, kọ́bọ̀ kan ti wà létí ọ̀nà, òkúta méjì nídìí rẹ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tì í, ó ń wò ó.

Ibẹ̀ ni àlọ́ mi dúró sí. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ wo ọ̀nà oko wa lọ́la. Ṣùgbọ́n kó ka òkúta.